Ṣílè ọ̀pẹ, owó Victoria tàbí dọ́là Maria Theresa: èwo ni kí ẹ rà nínú owó fàdákà àtijọ́?

Oríṣi owó àtijọ́ mẹ́rin ló sábà máa ń jáde nínú àpótí àwọn àgbà wa ní Abẹ́òkúta. Èkíní ni dọ́là ńlá Maria Theresa, tí ọdún 1780 wà lára rẹ̀. Èkejì ni owó ìlú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, tó ní orí Ọbabìnrin Victoria, ti Edward Keje tàbí ti George Karùn-ún. Ẹ̀kẹta ni ṣílè tí wọ́n ya igi ọ̀pẹ sí, tí wọ́n kọ BRITISH WEST AFRICA sí ara rẹ̀. Ẹ̀kẹrin jọ ẹ̀kẹta gidigidi, àmọ́ idẹ ni, kì í ṣe fàdákà.

Àwọn kan ń wá èyí tí wọ́n máa rà. Àwọn mìíràn ti jogún tiwọn, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n tà á ni. Àwọn méjèèjì ni mò ń bá sọ̀rọ̀, n kò sì ní fi èrò mi pamọ́: bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, tí owó ọwọ́ yín kò ju èyí tó lè ra ẹyọ kan tàbí méjì lọ, ṣílè ọ̀pẹ ti fàdákà, èyí tí wọ́n ṣe láti 1913 títí dé 1919, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Dọ́là tóbi jù ú lọ, owó Victoria sì dàgbà jù ú lọ. Síbẹ̀, òun ni mo máa mú, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀.

Iye méjì ló wà lórí ẹyọ owó kan

Kí a tó fi ọ̀kan wé èkejì, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ iye ná, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn ènìyàn jẹ. Iye kan wà tó jẹ́ ti fàdákà inú owó. Alágbẹ̀dẹ máa gbé e sórí ìwọ̀n, yóò sì san owó irin. Kò kàn án bóyá orí ọba ni ó wà níbẹ̀ tàbí orí ìjòyè. Iye kejì ni èyí tí ẹni tó ń kó owó àtijọ́ jọ máa san nítorí ọdún tó wà lára rẹ̀, bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó, àti bí ara rẹ̀ ṣe ṣì dára tó. Iye irin ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ọjà àgbáyé. Iye kejì yìí lè fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti irin lọ, ó sì lè máà fi nǹkan kan jù ú lọ rárá.

Ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyí:

| Owó | Ìwọ̀n rẹ̀ | Fàdákà nínú ẹgbẹ̀rún | Fàdákà gidi inú rẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Dọ́là Maria Theresa | gíráàmù 28.07 | 833 | gíráàmù 23.4 |
| Ṣílè kan ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, títí dé 1919 | gíráàmù 5.66 | 925 | gíráàmù 5.23 |
| Ṣílè kan ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, 1920 sí 1946 | gíráàmù 5.66 | 500 | gíráàmù 2.83 |
| Ṣílè kan olọ́pẹ, 1913 sí 1919 | gíráàmù 5.66 | 925 | gíráàmù 5.23 |
| Ṣílè méjì olọ́pẹ, 1913 sí 1919 | gíráàmù 11.31 | 925 | gíráàmù 10.46 |
| Ṣílè olọ́pẹ ti idẹ | – | 0 | 0 |

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye irin, ẹ wo iye tí áúnsì fàdákà kan jẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ pín in sí 31.1, torí gíráàmù 31.1 ló wà nínú áúnsì tí wọ́n fi ń wọn fàdákà. Ẹ wá fi gíráàmù inú owó yín sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní gíráàmù kan jẹ́ ₦2,000: ṣílè kan olọ́pẹ yóò jẹ́ ₦10,460, ṣílè méjì yóò jẹ́ ₦20,920, dọ́là yóò sì jẹ́ ₦46,800. Ẹ má retí pé alágbẹ̀dẹ máa san gbogbo rẹ̀, torí òun náà fẹ́ jẹ èrè. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá fi ₦3,000 lọ̀ yín nígbà tí ìṣirò yín sọ pé ₦10,000 ni, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá dúnàá-dúrà.

Dọ́là Maria Theresa: ọdún ara rẹ̀ kọ́ ni ọjọ́ orí rẹ̀

Maria Theresa jẹ ọba ní Ọ́síríà láti 1740 títí ó fi kú ní 1780. Dọ́là rẹ̀ ti wọ ọkàn àwọn oníṣòwò ní ilẹ̀ Lárúbáwá, Etiópíà àti ilẹ̀ Haúsá débi pé wọn kì í gba òmíràn. Nítorí náà, lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n kàn ń ṣe é lọ, pẹ̀lú ọdún 1780 kan náà. Vienna ṣe é. Nígbà tí Mussolini, olórí Ítálì, ń múra láti gbógun ti Etiópíà ní 1935, ó gba àṣẹ láti máa ṣe é ní Róòmù. Láìpẹ́, London, Paris àti Brussels náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn, nígbà tó yá Bombay tún dara pọ̀ mọ́ wọn. Iye tí wọ́n ti ṣe lápapọ̀ ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta mílíọ̀nù lọ, Vienna sì ṣì ń ṣe é.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ rà á ni pé 1780 tó wà lára rẹ̀ kò fi hàn pé ó ti lé ní igba ọdún. Ó lè jẹ́ pé ìgbà tí bàbá yín wà ní ilé-ìwé ni wọ́n ṣe é. Àwọn onímọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ya ti Vienna kúrò lára ti Róòmù àti ti Bombay, ti ìgbà láéláé kúrò lára ti ìgbà ìsinsìnyí, àwọn díẹ̀ nínú wọn sì níye lórí gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ọjà, iye fàdákà inú rẹ̀ ni iye rẹ̀, pẹ̀lú àlékún díẹ̀.

N kò sọ pé kí ẹ má rà á o. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ tọ́jú fàdákà pamọ́, dọ́là ló pé yín jù, torí pé ẹyọ kan rẹ̀ ní fàdákà tó ju ti ṣílè mẹ́rin lọ. Ó tún lẹ́wà. Obìnrin náà fi aṣọ bo orí, ọ̀ṣọ́ róbótó wà ní èjìká rẹ̀, ẹyẹ idì olórí méjì sì na ìyẹ́ ní ẹ̀yìn owó náà. Ní apá òkè ọya ni wọ́n ti ná an jù; àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ sì yọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí. Nípasẹ̀ àwọn oníṣòwò Haúsá ló sábà fi ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ìtàn rẹ̀ dùn, àmọ́ ìtàn Kano àti Sókótó ni, kì í ṣe ti Abẹ́òkúta.

Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo ìyókù lọ. Ẹ wo etí rẹ̀ kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Lára etí dọ́là gidi, ọ̀rọ̀ Látìn wà níbẹ̀, IUSTITIA ET CLEMENTIA, pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, àwọn lẹ́tà náà sì yọ sókè dáadáa. Èyí tí wọ́n bá dà sínú amọ̀ máa ń ní etí tó tẹ́jú, tàbí eyín bíi ti owó lásán, tàbí lẹ́tà tó ti rúnjú pọ̀.

Owó ìlú Gẹ̀ẹ́sì: ẹ wo orí tó wà lára rẹ̀

Kí ṣílè ọ̀pẹ tó dé, owó tí wọ́n ń ná ní London gan-an ni wọ́n ń kó wá síbí. Bank of British West Africa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, tó di First Bank lónìí, ló ń kó o wọlé nínú àpótí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Abẹ́òkúta láti Èkó ní 1899, tí àwọn oníṣòwò ẹkùrọ́ àti epo pupa ń gba owó lọ́wọ́ òyìnbó, owó fàdákà yìí ń lé owó ẹyọ kúrò lọ́jà díẹ̀díẹ̀.

Orí mẹ́ta ni Victoria ní lára owó fàdákà rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó di irun ni ti àkọ́kọ́, láti 1838 sí 1887. Láti 1887 sí 1893, àgbà obìnrin tó dé adé kékeré ni. Láti 1893 títí ó fi wàjà ní 1901, arúgbó tó fi ìbòrí bo orí ni. Ti ọ̀dọ́ ló sábà máa ń wọ́n jù, torí pé ó ti pẹ́ jù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti pá, ìyẹn ni pé ojú rẹ̀ ti jẹ, débi pé èyí tó ṣì dára ṣọ̀wọ́n. Edward Keje ló tẹ̀ lé e, 1902 sí 1910. Ẹ rántí pé ọba yìí ni Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ kí ní London ní 1904. Bí ẹ bá rí ṣílè Edward tí ọdún 1904 wà lára rẹ̀, tí ara rẹ̀ sì mọ́, ẹ̀bùn tó dára ni fún ọmọ Aké èyíkéyìí.

Ọdún 1905 ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Owó fàdákà tí wọ́n ṣe ní London lọ́dún náà kò pọ̀, nítorí náà ṣílè àti ṣílè-méjì-àti-sísì ti 1905 wọ́n ju ti 1902 lọ fíìfíì. Ibi tí oyin bá wà ni eèrà ń lọ. Wọ́n ti ṣe ayédèrú ṣílè-méjì-àti-sísì 1905 jáde. Ẹ má ra ọdún yẹn láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì yín.

Ti George Karùn-ún ni wọ́n fi ń tan ènìyàn jù ní ọjà wa. Owó rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1919 àti ṣáájú rẹ̀ jẹ́ fàdákà 925. Láti 1920, ìdajì péré ni fàdákà. Láti 1947, nígbà George Kẹfà, kò sí fàdákà kankan nínú ṣílè Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ 1919 sí 1921, nítorí náà ọdún ni kí ẹ kà, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àǹfààní ńlá tó wà níbẹ̀ ni pé owó Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn olùrà kárí ayé. Bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́la, ẹ máa rí ẹni rà á. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn tó wà nílẹ̀ náà kún ayé, nítorí náà èyí tó ti pá kò lè mú ju owó irin wá.

Ṣílè ọ̀pẹ: ọdún méje tó kún fún ọ̀ràn

Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi jókòó tì.

Nígbà tí wọ́n ń kó owó Gẹ̀ẹ́sì wá sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, èrè ńlá kan wà tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tó. Áúnsì fàdákà kan, tí wọ́n bá fi ṣe ṣílè, á di ṣílè márùn-ún àti sísì, ìyẹn kọ́bọ̀ 66 nígbà náà, tí kọ́bọ̀ méjìlá jẹ́ ṣílè kan, tí mẹ́fà sì jẹ́ sísì. Ṣùgbọ́n ṣáájú ogun 1914, áúnsì fàdákà náà kò ju nǹkan bíi kọ́bọ̀ 27 lọ lọ́jà London. Èrè tó wà láàárín méjèèjì, àpò ìjọba London ló ń wọ̀. Ẹkùrọ́ àti kòkó wa ló ń fa owó náà wá síbí, London ló ń jẹ èrè rẹ̀. Àwọn ìjọba amúnisìn ní Èkó, Gold Coast (Ghana òde òní) àti àwọn ibòmíràn ṣàròyé títí wọ́n fi dá West African Currency Board sílẹ̀ ní 1912, kí èrè náà lè máa wá sọ́dọ̀ tiwọn. Ìgbìmọ̀ náà jókòó sí London síbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1913, ṣílè ọ̀pẹ jáde: tọ́rọ́, sísì, ṣílè kan àti ṣílè méjì.

Ìgbà tó bọ́ sí ni ó mú mi gbà pé owó Ẹ̀gbá ni. Àdéhùn 1893 tí Ẹ̀gbá bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi yé gbogbo ayé pé Ẹ̀gbá dá dúró, ìjọba Ẹ̀gbá sì ń gba owó oríbodè fúnra rẹ̀. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí owó olọ́pẹ jáde ni wàhálà Ìjemọ̀ ṣẹlẹ̀, ní 1914, tí àwọn sójà yìnbọn pa àwọn ènìyàn, tí òmìnira Ẹ̀gbá sì parí nínú oṣù kan sí i. Ní 1918, wọ́n mú owó orí tuntun wá. Ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje, wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, sójà sì ya bo àwọn abúlé. Owó tí wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn mú wá, irú èyí tó lè wà lọ́wọ́ yín yìí ni. Bí mo bá mú ṣílè 1914 tàbí ti 1918 dání, ohun tí mò ń rò nìyẹn, n kò sì mọ dọ́là tó lè sọ irú rẹ̀ fún mi.

Ìdí tí ó fi parí kíákíá ni pé ogun àgbáyé gbé iye fàdákà sókè. Ní oṣù kejì ọdún 1920, áúnsì kan di kọ́bọ̀ 89 ààbọ̀ ní London. Ẹ fi wé kọ́bọ̀ 66 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: ṣílè tó wà lọ́wọ́ ènìyàn ti níye ju orúkọ rẹ̀ lọ, ẹni tó bá yọ́ ọ á jèrè. Ṣáájú ìgbà náà, fàdákà ti wọ́n débi pé ní 1918 wọ́n tẹ bébà ṣílè kan jáde. Ní 1920, wọ́n fi idẹ rọ́pò fàdákà. Torí náà, owó fàdákà àti owó idẹ tí wọ́n kọ 1920 sí wà pa pọ̀; ìdí nìyẹn tí mo fi dúró sí 1919 lókè. Ẹ má gba ọdún 1920 gbọ́ láìdán an wò.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan dáadáa. Ojú kan ni George Karùn-ún tó dé adé. Èyí gan-an ni ìyàtọ̀ tó yá jù láti mọ̀, torí pé lára owó George yìí kan náà ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, orí òfìfo ló wà, kò dé adé. Ní ẹ̀yìn ṣílè kan àti ṣílè méjì, igi ọ̀pẹ kan dúró gbọnrangandan. Tọ́rọ́ àti sísì kò ní ọ̀pẹ, ewé tí wọ́n ká ní òbìrí ló yí iye wọn ká. Ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo imọ̀ ọ̀pẹ náà. Lára èyí tí wọn kò ná púpọ̀, ẹ máa rí ìlà ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú imọ̀, ẹ tún máa rí òkúta ara adé àti irun àgbọ̀n ọba. Lára èyí tí wọ́n ti ná ní ọjà fún ogún ọdún, imọ̀ ti di odidi kan, adé sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Nítòsí ọdún, ẹ wá lẹ́tà kékeré H. Bó bá wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló ṣe é. Bí kò bá sí lẹ́tà, London ni. Ìyàtọ̀ kékeré yìí lè yí iye owó padà, torí pé ọdún kan náà lè pọ̀ ní ibì kan kó sì ṣọ̀wọ́n ní ibòmíràn.

Láàárín ṣílè kan àti ṣílè méjì, ṣílè méjì ni kí ẹ mú bí agbára bá gbé e: ọ̀pẹ rẹ̀ tóbi, ó rọrùn láti yẹ̀ wò, fàdákà inú rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Sísì àti tọ́rọ́ fàdákà kéré púpọ̀, wọ́n sì ti sọnù púpọ̀. Ẹ rà wọ́n fún ìtàn, kì í ṣe fún irin.

Ti idẹ àti ti lẹ́yìn rẹ̀

Idẹ olọ́pẹ bẹ̀rẹ̀ ní 1920, ó sì wà títí dé àwọn ọdún 1950, lábẹ́ George Karùn-ún àti George Kẹfà. Bó bá ti pá, owó kékeré ni. Àmọ́ ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀: idẹ tètè ń dúdú, ó sì tètè ń bàjẹ́, torí náà èyí tó ṣì ń dán bí wọ́n ṣe ṣe é ṣọ̀wọ́n gan-an, olùkójọ sì lè san ju ti fàdákà tó ti pá lọ lórí rẹ̀. Owó Nàìjíríà 1959 pẹ̀lú, tó ní orí Ọbabìnrin Elizabeth, kò ní fàdákà kankan. Ṣílè rẹ̀ ló di kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973. Fún ọmọdé tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kó owó àtijọ́ jọ, méjèèjì yìí ni mo máa fi sí i lọ́wọ́. Kò wọ́n, bó bá sì sọ ọ́ nù, kò sí ẹkún.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ mú òòfà kékeré dání lọ sí ọjà. Fàdákà kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Àmọ́ idẹ àti òjé náà kì í lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà òòfà ń mú irin nìkan, kò mú olè gbogbo. Ìwọ̀n ló kàn. Ẹ ra sikéèlì kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń lò, èyí tó ń ka gíráàmù dé nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì. Ṣílè méjì olọ́pẹ tó bá wọn gíráàmù 9 kò pé. A lè gba pé ó ti jẹ díẹ̀, kí ó wọn 11 tàbí 10.9, àmọ́ kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò omi ló ń yanjú ìyókù, pàápàá fún dọ́là. Ẹ gbé ife omi ka orí sikéèlì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ínrín so dọ́là, kí ẹ rì í sínú omi náà pátápátá láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Nọ́ńbà tó bá jáde ni ìwọ̀n omi tí ó tì kúrò. Dọ́là gidi tó wọn gíráàmù 28 máa mú nọ́ńbà bíi 2.7 sí 2.8 jáde. Bó bá jẹ́ idẹ tí wọ́n fi fàdákà bò, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 28 kan náà, á lé ní 3.1. Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀, kò sì ba owó jẹ́ rárá. Ẹni tó ń tà tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì rẹ́ etí owó kó tó mọ̀ bóyá fàdákà ni. Alágbẹ̀dẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí pé irin ló fẹ́ rà. Lọ́wọ́ olùkójọ, ojú fáìlì yẹn ti ba owó náà jẹ́ títí ayé.

Ara rẹ̀ ni olùkójọ ń rà

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù. Ẹni tó jogún owó fàdákà tó ti dúdú a máa rò pé ó dọ̀tí. Á mú ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, tàbí eérú, tàbí ọṣẹ ìfọyín, á fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa kọ mànà. Dúdú tó wọ ara fàdákà díẹ̀díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kì í ṣe ìdọ̀tí. Olùkójọ fẹ́ràn rẹ̀, torí ó fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án. Eérú àti ọṣẹ ìfọyín máa ń ha á, wọ́n máa ń nu ìlà imọ̀ ọ̀pẹ kúrò, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn padà. Owó tí olùkójọ ì bá fi ìlọ́po iye irin rà a di ti alágbẹ̀dẹ ní ọ̀sán kan. Bí erùpẹ̀ bá wà lára rẹ̀, omi tó mọ́ nìkan, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ẹ má ṣe fi pa á.

Ihò ni ìkejì. Àwọn ìyá wa lu ihò sí ọ̀pọ̀ owó fàdákà, wọ́n so ó mọ́ ọrùn ọmọ tàbí wọ́n jó òrùka mọ́ ọn láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Fún olùkójọ, owó oníhò ti di owó irin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọrùn ìyá yín ló wà, iye tirẹ̀ wà nínú ẹbí, n kò sì rò pé ẹ gbọ́dọ̀ tà á fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ fi sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá rírọ̀. Ọ̀rá mìíràn ń mú omi àwọ̀ ewé jáde lára owó. Àpò bébà tó gbẹ dára jù, nínú àpótí tí ẹ fi àpò kékeré afami tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí. Nígbà òjò, ẹ máa ṣí i wò.

Èwo wá ni ti yín?

Bó bá jẹ́ ọrọ̀ ni ẹ fẹ́ fi pamọ́, dọ́là ni, ní iye tó sún mọ́ ti irin, lẹ́yìn ìdánwò omi. Ẹ má san kọ́bọ̀ kan lé e nítorí 1780. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ohun tí ẹ lè tà fún olùrà níbikíbi láyé, ẹ mú Victoria tàbí Edward tí ara rẹ̀ ṣì dára, kí ẹ fi èyí tó ti pá sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìtàn Ẹ̀gbá, ẹ wá ṣílè méjì olọ́pẹ, 1914 tàbí 1918 bí ẹ bá rí i, èyí tí ìlà imọ̀ rẹ̀ ṣì hàn, tí wọn kò lu ihò sí, tí wọn kò fọ̀. Ẹ lè san ju iye irin lọ lórí irú rẹ̀ láìbẹ̀rù. Lórí èyí tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, iye irin ni kí ẹ dúró lé, bí ó ti wù kí ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀ nípa bàbá bàbá rẹ̀ tó.

Owó kan tó dára sàn ju mẹ́wàá tó ti pá lọ lọ́dọ̀ olùkójọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń ta ìdì kan fún yín ní ọjà Kútọ̀ tàbí Ìtòkú, ẹ ní kí wọ́n tú u, kí ẹ ṣa ẹyọ tí ẹ fẹ́, kí ẹ dúnàá-dúrà lórí rẹ̀ nìkan. Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ ọdún owó náà, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye tí ẹ san sí i.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí olùrà ní òkè òkun, ẹ kọ́kọ́ lọ bi àwọn National Commission for Museums and Monuments, torí pé òfin Nàìjíríà ní kí ènìyàn gba ìwé àṣẹ kí ó tó kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní orílẹ̀-èdè yìí. Èyí tí ẹ bá sì hú nínú ilẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ẹ má tà á rárá kí wọ́n tó wò ó. Ẹ ya fọ́tò ibi tí ó wà kí ẹ tó mú un, kí ẹ sì sọ bó ṣe jìn tó sínú ilẹ̀.